Ìpín Káfíńtà Lójú Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, tí ó ní ìpín lójú ọ̀nà ìlú rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìpín náà ṣe jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà yẹn kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìlú náà kò ju ogójì ilé lọ. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó sá fún ogun ni, igbó ni wọ́n sì sá wọ̀. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò gba ìsàlẹ̀ odò kọjá, àwọn ọmọ wọn fi àdá àti ọkọ́ la ọ̀nà lọ bá a, nǹkan bíi máìlì méjì. Ilé kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, wọ́n sì gbin pèrègún sí ààlà. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, gbogbo ìlú á jáde ní ọjọ́ Sátidé kan, oníkálukú á ro tirẹ̀, àwọn obìnrin á gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ wá pàdé wọn. Bí o bá ń bá arúgbó kan rìn lọ sí títì, á máa ka àwọn ilé fún ọ láti pèrègún dé pèrègún, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó, ẹni tí ejò bù jẹ, ẹni tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò ní ìwé ìtàn mìíràn.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. A kì í bá alààyè ro ìpín rẹ̀, ọwọ́ ọmọ ilé nìkan ló gbọdọ̀ ro ó. Bí ìdílé kan bá run tán, baálẹ̀ á pe ìlú jọ, wọ́n á hú pèrègún ilé náà, àwọn aládùúgbò á sì ro ìpín náà mọ́ tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ro ìpín ẹni tó wà láyé, ó ti sìnkú rẹ̀ nìyẹn.

Káfíńtà lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé fún un. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ó wálé wá ro ìpín rẹ̀. Ní ọdún kẹrin, ó ránṣẹ́ pé ọwọ́ òun kún. Ní ọdún karùn-ún, kò ránṣẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, èyí ló sì dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn rò pé ilé kì í sá lọ ni.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù sílé. Bí àwọn èèyàn bá ro ọ̀nà dé pèrègún rẹ̀, wọ́n á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n á fo ibẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì. Ìyá á dúró tì wọ́n, á máa bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ọmọ mi ń bọ̀."

Wọ́n á ní, "A gbọ́, Màmá. Á dé láyọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi àdá kékeré gé koríko etí ibẹ̀, títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Igbó bo ọ̀nà. Àgbàrá gbẹ́ kòtò sábẹ́ igbó náà. Ọlọ́kadà ń yà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè kọjá mọ́.

Ní àárín òjò ọdún keje, ìyá náà ṣàìsàn. Àyà ń dùn ún, kò sì lè mí dáadáa. Wọ́n pe mọ́tò láti títì, ó wá, ó dúró sí pèrègún káfíńtà. Ọkùnrin mẹ́rin gbé ìyá sórí pákó, wọ́n gbé e wọ inú igbó náà, òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ó lajú.

"Ibo la dé yìí?"

"Ìpín ọmọ yín ni, Màmá."

"Ẹ má tìtorí mi ro ó. Ó ń bọ̀."

Kí wọ́n tó gbé e dé ibi tí mọ́tò wà, ó ti kú. Mọ́tò náà gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìgbókùúsí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹta, káfíńtà gbé òkú ìyá rẹ̀ ti ilé ìgbókùúsí bọ̀, nínú pósí tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Mọ́tò tirẹ̀ náà dúró sí pèrègún rẹ̀. Baálẹ̀ àti àwọn àgbà ti wá pàdé rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, kí ló dé tí ẹ kò bá mi ro ibí yìí?"

Baálẹ̀ ní, "Ṣé ká sọ fún ìyá rẹ pé o ti kú ni?"

Káfíńtà bọ́ agbádá, ó gba àdá, ó ń ṣán igbó náà títí oòrùn fi yí, pósí wà nínú mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, nítorí alààyè ni. Nígbà tí ọ̀nà là, òkú ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Èmi kò dá àwọn àgbà ìlú yẹn láre. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n nínú ọdún mẹ́rin, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó wọkọ̀ lọ bá a ní Ìbàdàn láti sọ pé, "Dìde, ká lọ." Ó rọrùn fún wọn láti fo ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá wí, kì í ṣe àwọn. Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, tí o ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kí o tó délé, ẹnìkan wà nílé tó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé o ń bọ̀. Ó gbà ọ́ gbọ́ ju bí o ṣe gba ara rẹ gbọ́ lọ. Má sọ arúgbó náà di òpùrọ́ kí ó tó kú.