Ìyẹ̀fun Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Ṣíbí Irin

Ọkùnrin kan wà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ní yunifásítì kan nílẹ̀ wa níbí. Fún ọdún mọ́kànlá gbáko ló ń lọ òkúta, tó ń fi iná sun ún, tó tún ń lọ̀ ọ́. Ohun tó ń wá ni ìyẹ̀fun tí kò ní irin nínú rárá, síbẹ̀ tí òòfà yóò máa fà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an fún àwọn tó ń ṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá oníyẹ̀fun, ìgbà wo la ó fi tiyín ro ọkà?”

Lọ́jọ́ kan, ó fi ṣíbí rẹ̀ tó ń dán ro ìyẹ̀fun tuntun títí ó fi kúnná, ó sì mú òòfà sún mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ òòfà. Háà! Bàbá fò sókè bí ọmọ ọdún méje. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gíwá yunifásítì ti gbọ́, ó sì ti ránṣẹ́ pe àwọn àlejò láti òkè òkun. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, abilékọ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé. Bàbá ní kó ṣe ìyẹ̀fun náà sí i de àwọn àlejò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, òòfà kò fà á. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé òun ló ń ṣi í ṣe. Ìgbà tó yá ló rí i pé ṣíbí onígi lòun ń lò. Ó yá ṣíbí irin ọ̀gá rẹ̀, ó fi ro tirẹ̀, òòfà sì fà á wẹ́rẹ́.

Ọ̀ràn dé. Ìyẹ̀fun náà le débi pé ó ń ha ṣíbí, irin tó ń bọ́ lára ṣíbí ni òòfà ń fà. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá yìí ni oyè rẹ̀ wà.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ṣíbí yín ni òòfà ń fà, kì í ṣe ìyẹ̀fun.”

Ojú bàbá pọ́n. “Èmi? Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ odó mú?”

Ó dán an wò fúnra rẹ̀, ó fi igi rò ó, ó fi irin rò ó. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó dùn ún wọra, má jẹ́ ká tan ara wa. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá.

Nígbà tí àwọn àlejò pé, ó dìde níwájú gíwá. Ó ní, “Mo ṣàṣìṣe. Ẹni tó rí àṣìṣe mi ló jókòó yìí, èmi ni mo sì kọ́ ọ.” Ó wá fi oríkì pè é, bí ẹni pé òun ló bí i: “Àwẹ̀ró, dìde kí wọ́n rí ẹ.” Orí bàbá wú ju ti ọjọ́ tí òòfà fa ìyẹ̀fun lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀gá ilé-ìwé, ìwọ ni mò ń bá wí. Olùkọ́ kékeré tó tún ìṣirò rẹ ṣe lójú àwọn ọmọ lánàá, ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò náà? Ṣé ìwọ kọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwé ìbáwí tí o kọ sí i, tó wà lápò rẹ yẹn, fà á ya. Lọ́la, pè é jáde lójú gbogbo ilé-ìwé, kí o sì sọ fún wọn, láìtijú, pé ìwọ lo kọ́ ọ.