Ọ̀dọ̀fin Ògúnṣakin, Ẹni Tó Fọwọ́ Dá Idà Padà

Idà ọba ti jáde nínú àkọ̀, ìyẹn ni ewu tó dé bá Òkè-Ìpín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti fa idà ogun yọ, kì í wọ àkọ̀ padà láìmu ẹ̀jẹ̀. Ọba Adéjùmọ̀bí, agbéraga ọmọ agbéraga, fà á yọ níwájú igba ọ̀dọ́mọkùnrin, nítorí pé ọba Ìrànjẹ́ fi ẹṣin ta á lọ́rẹ, ẹṣin náà sì fọ́jú. Odò tó wà láàárín ìlú méjèèjì kún dé ẹnu, àwọn tafàtafà Ìrànjẹ́ sì ti tò sí òdìkejì. Ẹni tó bá bọ́ sódò, omi á gbé e. Ẹni tómi ò bá gbé, ọfà á gbà á lálejò.

Àwọn ìjòyè mẹ́fà wà níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ ẹran ààfin débi pé ahọ́n wọn ò ráyè yí sí òótọ́ mọ́. "Kábíyèsí, ogun yá!" ni wọ́n ń ké. Ọmọ tiwọn ò kúkú sí lára igba náà.

Àfi ẹnì keje, olórí wọn, Ọ̀dọ̀fin Ògúnṣakin, òkúta abẹ́ omi tí kò mọ òtútù, arúgbó tó ti jagun mẹ́sàn-án tí kò sì fẹ́ ẹ̀kẹwàá. Ó dìde.

"Kábíyèsí, ta lẹ bi léèrè kẹ́ ẹ tó fa idà yọ?"

Ọba rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ̀fin, ogbó ti ń dà ọ́ láàmú. Ṣé kí n máa tọrọ àyè lọ́wọ́ yín kí n tó sín ni?"

"Ẹ sín, Kábíyèsí. Àmọ́ kí ikun yín má dà sára ọmọ ọlọ́mọ. Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

"Ó ti jáde! Ẹ̀jẹ̀ ni yóò mu kó tó wọlé!"

"Bó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ò wọ́n."

Arúgbó na ọwọ́ òsì, ó di ojú idà mú, ó sì fa ọwọ́ gba ẹnu idà náà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá.

"Ó ti mu. Ẹ dá a padà."

Òfin ìlú kò kúkú sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí yóò mu. Ọba wo àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀. Ọ̀kan ti sọ apó ọfà kalẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Ọba ti idà bọ àkọ̀.

Ìgbà yẹn ni ahọ́n àwọn ìjòyè ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ẹ gba idà náà lọ́wọ́ rẹ̀! Ilé wa ni kó máa gbé!"

"Ẹ jókòó," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Idà kan lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹ́fà? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti fi bẹ́ ara yín lórí."

Ó ní kí idà nìkan máa gbé ààfin, kí àkọ̀ máa gbé ilé ìgbìmọ̀. Idà tí a kò bá fà yọ nínú àkọ̀ lójú gbogbo ìlú, ọ̀bẹ ìdáná ni.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí dòní. Gbogbo Ọ̀dọ̀fin tó bá jẹ, wọ́n á fi idà kọ ilà kan sí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Ọba tuntun gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àpá náà. Bí kò bá fọwọ́ kàn án, adé tó dé, fìlà lásán ni.