Ẹni Tó Ń Fọ Ẹ̀gẹ́ Létí Odò

"A kì í bi odò léèrè ẹja, ẹni tó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò là ń bi." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀ wá? Ẹ ti gbọ́ ọ, ìyẹn dá mi lójú. Àwọn tó gbọ́n jù nínú yín tilẹ̀ máa ń fi parí ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, wọ́n á sì tún agbádá ṣe lé èjìká bí ẹni pé àwọn gan-an ló bí òwe náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó fọ ẹ̀gẹ́ ọ̀hún, àti ẹni tí kò bi í léèrè, ikọ́ á gbé wọn. Ẹ fara balẹ̀. Mo mọ odò náà, mo mọ ẹ̀gẹ́ náà, mo sì wà lára àwọn tó ń gbe orin rẹ̀.

Ìlú Ìdí-Ìyeyè ló ti ṣẹlẹ̀, létí odò Àwẹ̀rẹ́. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá bímọ, ẹja àrọ̀ tó wà láàyè gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ nínú igbá omi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí orí ni ẹja fi ń la ibú já, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ fi orí tirẹ̀ la ayé já. Ẹja tí wọ́n rà lọ́jà kò bá a mu. Bàbá ọmọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bí òòrùn ọjọ́ kẹjọ bá yọ sókè igi ìyeyè àárín ìlú, tí ẹja bàbá kò tíì dé, ilé ìyá ọmọ ni yóò mú ẹja wá. Ilé tó bá sì mú ẹja wá ni yóò kọ́kọ́ pe ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè yẹn lọmọ ń jẹ́ dàgbà. Àwọn orúkọ yòókù dà bí àlejò tó dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ abọ́.

Láwọyin jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ wá bímọ sílé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì bí ọkùnrin. Bàbá Láwọyin kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó kú nígbà náà, wọ́n sì ti sin ín kí Láwọyin tó ti Èkó dé. Ìyẹn ń dùn ún wọ egungun. Orúkọ kan ṣoṣo ló gbé wá sílé fún ọmọ tuntun: Babárìndé. Ó ní bí wọ́n bá fi orúkọ mìíràn ṣáájú, ó túmọ̀ sí pé bàbá òun rìn padà wálé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bà á lẹ́rù. Ní ọdún méjì ṣáájú, ọkọ àbúrò Ìbídùn kò rí ẹja mú, Ìyá Ìbídùn sì gbé ẹja tirẹ̀ wá, ó fi orúkọ bàbá tirẹ̀ sọ ọmọ náà. Láwọyin ti búra pé ìyẹn kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun.

Ẹ wá wo ẹrù ẹni tó búra. Ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ jẹ́ oríkèé mẹ́ta, tí a ń kì bọ ara wọn. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń ká okùn, ó ń dún kírríkírrí bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ̀ rẹ̀ wà nínú agolo pẹlẹbẹ, èyí tó kéré jù nínú wọn, èèyàn lè fi yọ korobá nínú kànga. Ó wọ bàtà rọ́bà tó dé itan, ó dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, ó sì gbé àga tó ń ká dání, torí ẹja Èkó, ó dà bíi pé ìjókòó ni wọ́n fi ń mọ èèyàn ńlá. Ìdẹ rẹ̀ ńkọ́? Róbótó-róbótó, òmíràn pupa, òmíràn àwọ̀ ewé, gbogbo wọn ń ta sánsán bíi súìtì. Bí mo bá jẹ́ àrọ̀, ojú ì bá tì mí láti kú sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ibú Òkè ló ń lọ, ìrìn bíi wákàtí kan sókè odò, nítorí omi ibẹ̀ jìn, ó dúdú, ó sì ní orúkọ. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tí Ìyá Ìbídùn àti àwa obìnrin yòókù ti ń fọ ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú. Láràárọ̀ ni Láwọyin ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀, tòun ti bàtà rọ́bà. Ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ pé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú òtútù, ó kí i kú ewu ọmọ. Ó bi í léèrè orúnkún, ó bi í léèrè ìbàdí, ó bi í léèrè ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹrù rẹ̀, yóò máa lọ. Bó bá ti kọjá, a ó gbe orin wa:

Ẹ̀gẹ́ mi nínú omi,
Ẹja ń bá mi jẹ ẹ́.
Wọ́n ní wọ́n ń lọ sókè odò,
Ẹja ń bá mi jẹ ẹ́.
Ẹ bá mi kí ọ̀gá oníbàtà,
Ẹja ń bá mi jẹ ẹ́.

Orin náà dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti mọ̀ ọ́n. A máa ń gbọ́ bó ṣe ń fi súfèé kọ ọ́ lọ sókè odò, "ẹja ń bá mi jẹ ẹ́", títí igbó á fi gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ní Ibú Òkè, ó ń dúró gangan sí etí omi kí ẹja lè rí ẹni tó ń bọ̀ wá pa wọ́n. Òjìji fìlà rẹ̀ bo ìdajì ibú. Bó bá ju okùn, yóò dún gbì bí ẹni tó ju ọmọ odó sómi. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú ẹ̀ka igi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó mú fìlà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, alákàn kan jẹ ìdẹ súìtì náà tán, ó sì dúró kó fi òmíràn sí i. Omi ṣáà wà níbẹ̀, ó jìn, ó dúdú, ó ní orúkọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, Ìbídùn bi í bóyá ó ti béèrè lọ́wọ́ ìyá òun. Láwọyin ní ta ni í bi ẹni tó ń bá a du nǹkan léèrè ibi tí nǹkan náà wà? Ó tún ní kí ni obìnrin tó ń fọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ nípa ẹja? Ìbídùn gbé ọmọ láti ọmú ọ̀tún sí ti òsì kó tó dáhùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀. Ẹja tí mo jẹ dàgbà nílé yìí, bóyá orí igi ni Màmá ti ń ká a."

Lọ́sàn-án ọjọ́ keje, Láwọyin ti Ibú Òkè bọ̀. Kò súfèé. Ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta pẹlẹbẹ náà bí ọmọ ilé. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ọ̀la ni ọjọ́ pé, kò sì ní ẹja kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹja wà nínú odò yìí?"

Ọwọ́ Ìyá Ìbídùn dúró nínú agbọ̀n. Ó wo Láwọyin, ó wo omi, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú.

Ó ní, "Bàbá Ìkókó, o bi mí léèrè orúnkún, o bi mí léèrè ìbàdí, o bi mí léèrè ewúrẹ́. Mo ní bóyá o kì í jẹ ẹja ni. Wo ẹsẹ̀ mi."

Láwọyin wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú omi funfun tí ẹ̀gẹ́ ti pò, ìfóòfó wẹ́wẹ́ ń yọ, irùngbọ̀n àrọ̀ sì ń rọra fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó gùn tó apá àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sẹ́ni tó sá.

Ìyá Ìbídùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ní ẹja kì í wá omi tó lókìkí, ibi tí oúnjẹ ti ń bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń gbé. Ó ti tó ogún ọdún tí pàǹtí ẹ̀gẹ́ ti ń bọ́ síbẹ̀. Ó ní kó kó ìdẹ súìtì fún àwọn ọmọdé. Ẹ̀gẹ́ kíkan ni kó fi epo díẹ̀ pò títí yóò fi lẹ̀, kó ṣù ú kéré. Kó jókòó, kí òjìji rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn. Bí ẹja bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kó má fà á. Bó bá tún tọ́ ọ wò, kó má fà á. Bí okùn bá wá ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń re ọjà, ìgbà náà ni kó fà á. Ó sì yọ ìwọ̀ kékeré kan tó há sí etí gèlè rẹ̀, ìwọ̀ tí wọ́n ti lò títí ó fi ń dán, ó fi lé e lọ́wọ́.

Láwọyin kò lè pa á mọ́ra. Ó bi í léèrè ìdí tó fi ń kọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń du orúkọ. Ìyá Ìbídùn dáhùn pé ẹni tó bi òun ni òun dá lóhùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ tó mọ́ dáadáa, Láwọyin ti jókòó sétí òkúta náà pẹ̀lú ọ̀pá oparun lásán, agbádá ìsọmọlórúkọ sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ìṣù ẹ̀gẹ́ méjì ló kù nínú ewé. Ẹja tọ́ èkíní wò, ọwọ́ Èkó kò gbà, ó fà á fìrì. Ìwọ̀ bọ́ jáde lófo. Òòrùn ti kan ewé ìsàlẹ̀ ìyeyè. Ó fi èkejì sí i. Ẹja tọ́ ọ wò. Ó di eyín. Ẹja tún tọ́ ọ wò. Ó di ojú. A rọra ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, a ò jẹ́ kó dún sókè. Nígbà tí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í re ọjà, ó fà á, àrọ̀ náà gbọn ara, Láwọyin sì já lù ú nínú omi tòun ti agbádá. Ó gbé e mọ́ àyà jáde bí ìkókó. Òòrùn kò tíì dé góńgó ìyeyè tí ẹja fi wà nínú igbá.

Baálé ní kí bàbá ọmọ pe orúkọ. Láwọyin la ẹnu, ó tún pa á dé. Omi ń kán tótó lára agbádá rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ká ní n kò rí ẹja mú ni, kí lẹ fẹ́ pè é?"

"Babárìndé."

Ẹja ń ta nínú igbá.

Ìyá Ìbídùn ní, "Kí ni ǹ bá tún pè é? Bàbá rẹ ló yí òkúta tí mo fi ń fọ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Lórí rẹ̀ náà ló ti ń mú ẹja ní gbogbo ìgbà tí o wà ní Èkó. Ìwọ̀ tí mo fún ọ lánàá, tirẹ̀ ni. Ó ní kí n máa bá òun tọ́jú rẹ̀ dè ọ́. O ò bi mí."

Láwọyin wo ìwọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, kò lè pe orúkọ náà fúnra rẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbídùn ló bá a pè é, òun sì gbe e lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbe orin.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìdí-Ìyeyè. Bí ẹnì kan bá kó irinṣẹ́ àti ọgbọ́n ọ̀nà jíjìn dé, tó ń fo ẹni tó ti wà nídìí nǹkan náà lójoojúmọ́ nítorí pé aṣọ ẹni yẹn rin fún omi ẹ̀gẹ́, tàbí nítorí ó rò pé ẹni yẹn ò ní í fẹ́ ire òun, àwọn àgbà á ní: "A kì í bi odò léèrè ẹja, ẹni tó ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò là ń bi." Ọ̀pá oríkèé mẹ́ta yẹn ṣì wà, ó wúlò gidigidi. Òun ni Ìyá Ìbídùn fi ń sá aṣọ ìkókó.