Òkété àti Ilé Tí Ń Mí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó yọ́ rìn lórí koríko gbígbẹ, ó wọ inú ihò Òkété lọ, ó bá a níbi tí ó jókòó ti àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Kò dá mi lójú. Bóyá òtútù ni ó ń ṣe ọmọ yìí, bóyá kì í sì í ṣe òtútù. N kò mọ̀."

Tíntín ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ojú rẹ̀ pọ́n, oorun sì ń kùn ún ní ọ̀sán gangan. Òkété ti sin ọmọ kan rí nígbà ọyẹ́. Kò fẹ́ sin òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, ọyẹ́ fi ìbínú wọ̀lú. Ewé gbẹ háúháú, ètè gbogbo ẹranko là, eruku sì bo ojú ọ̀run bí ẹni fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n ilé Òkété dára. Èékánná ara rẹ̀ ni ó fi gbẹ́ ẹ. Ó dá ihò kan tí à ń gbà wọlé, ó dá òmíràn tí à ń gbà sá fún ọ̀tá, ó sì dá àwọn kéékèèké tí wọ́n kọjú sí òkè. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá kò sọ ìdí rẹ̀, ọmọ kò sì bèèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Asín dé. Ẹ mọ Asín: ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, ara rẹ̀ ń rùn gbùù, ahọ́n rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ. Ó gbé agbọ̀n ẹyìn lọ́wọ́ kan, ó gbé ìkòkò ẹyin iná lọ́wọ́ kejì.

"Ìyá Tíntín, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo ní kí n wá fi ẹyìn àti iná ta yín lọ́rẹ, kí n sì sùn tì yín títí òjò yóò fi dé."

"O ṣeun, àbúrò mi. Wọlé."

Àwọn ọmọ jẹ ẹyìn náà títí ẹnu wọn fi pọ́n. Ẹnu jẹ tán, ojú tì. Nígbà náà ni Asín wá ń gbọ̀n gbìrìgbìrì.

"Ìyá Tíntín, àwọn ihò wo nìyí? Ṣé ọyẹ́ ni ẹ ń dáná fún? Ooru wọlé níhìn-ín, ó jáde lọ́hùn-ún. Ẹni tí ń pọnmi sínú ajere ni yín."

"Ìyá mi ni ó ní kí n dá wọn."

"Ìyá yín kò rí irú ọyẹ́ yìí rí kí wọ́n tó kú. Àbí ẹ fẹ́ kí ó tún mú ọmọ lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tí ń dùn ún. Òkété po amọ̀, ó dí ihò gbogbo, ó ku ẹnu ọ̀nà nìkan. Asín ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Èmi ni n ó sùn sẹ́nu ọ̀nà, kí ọyẹ́ má baà kọjá lára mi." Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó na ẹnu ṣóńṣó síta, ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù símú. Bí oorun iná bá sì ti gbé àwọn onílé lọ, Asín a yọ́ dìde, a lọ síbi tí Òkété kó èkùrọ́ rẹ̀ sí, a máa fọ́ ọ jẹ: kà, kà, kà.

Lóòótọ́, ilé móoru. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ àwọn ọmọ. Èéfín ń ta wọ́n lójú, òórùn Asín sì lé gbogbo rẹ̀ bí ìdérí lé ìkòkò. Ta ni yóò wí fún àlejò pé ó ń rùn? Àkọ́bí Òkété la ẹnu kí ó wí i. Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i, ọmọ sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Tíntín bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Asín ní, "Òtútù ni ó kù sí i lára. Ẹ fi iná kún un." Òkété fi kún un. Ikọ́ náà le sí i.

Òkété jáde lọ wá igi. Bí ó ti dé ìta, orí rẹ̀ fúyẹ́, ojú rẹ̀ là. Ó yà á lẹ́nu. Ó fara ti òkìtì ikán kan láti sinmi. Ó fi ọwọ́ kan ìdí òkìtì náà: ó tutù. Ó nàgà, ó fi ọwọ́ kan òkè rẹ̀: atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èémí ọmọ tí ó sùn. Iná kankan kò sí níbẹ̀. Òkété kúnlẹ̀, ó fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbè é fún mi:

Ikán, Ikán, ọ̀mọlé,
*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*
Ọyẹ́ ń jà, ẹ kò dáná,
*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*
Oòrùn ń ràn, ẹ kò làágùn,
*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*
Ilé yín ń mí, tèmi dákẹ́,
*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*
Ẹ kọ́ mi kí ọmọ mi má lọ,
*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*

Àgbà Ikán kan yọjú, amọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Tíntín, ǹ bá ní kí o wọlé, ṣùgbọ́n orí rẹ ju ilé wa lọ. Fi ojú kan wò ó láti ihò yìí."

Òkété fi ojú kan wò ó. Háà, ohun tí ó rí kọjá ẹnu sísọ. Yàrá lórí yàrá, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ìsàlẹ̀ gun òkè, àwọn ọmọ ìyá tí wọ́n ń dí ihò kan, tí wọ́n ń ṣí òmíràn, láìsí ariwo, láìsí pé ẹnìkan ń pàṣẹ. Ó wò ó títí ó fi gbàgbé igi tí ó wá wá.

"Ẹ kò bẹ̀rù kí ooru yín jáde?"

"A pọ̀ bí iyanrìn níhìn-ín, gbogbo wa ni a sì ń mí. Èémí tí a mí síta, bí a bá tún fà á padà, àìsàn ni. Bí ọyẹ́ bá le, a ń dín ihò kù. A kì í dí i tán."

"Bí mo bá ṣí tèmi, tí òtútù pa ọmọ mi ńkọ́?"

Ikán ní, "N kò lè fi ilé mi búra fún ilé rẹ. Ṣùgbọ́n ta ni ara rẹ̀ le jù nínú ilé rẹ, níbo ni ó sì ń sùn?"

Òkété ronú. Asín ni. Ẹnu ọ̀nà ni, níbi tí òtútù pọ̀ jù. Ó sì ń sanra.

Ó sáré délé, kìtìkìtì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ orin náà sínú ilé, kí àwọn ọmọ gbè é: "Ikán, Ikán, ọ̀mọlé..."

Kò sí ẹni tí ó gbè é. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá wọn gbè é:

*Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́.*

Àkọ́bí rẹ̀ kérora nínú lọ́hùn-ún. Ti Tíntín kò tilẹ̀ dún. Asín gbé orí sókè, èérún èkùrọ́ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó rí i pé ojú Òkété le. "Ìyá Tíntín, kí ló dé? Ẹ fẹ́ lé àlejò nínú ọyẹ́? Kí ni ayé yóò wí?"

Títí di ìgbà náà, kò tíì dá Òkété lójú tán. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ kan jáde, ó fi èékánná kọlu amọ̀ tí ó fi dí ihò, amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já: wó, wó, wó. Afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé. Tíntín mí kanlẹ̀, ó sunkún, ó ní ebi ń pa òun. Láti ọjọ́ náà ni Òkété kì í ti í gbé ilé oníhò kan, tí Asín sì ń dá gbé.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀ sí nìyí. Ó ń kọ́ wa pé kí á má ṣe torí ooru dí ọ̀nà èémí ilé wa, kí ojú má sì tì wá láti dáàbò bo ọmọ wa lọ́wọ́ àlejò tí ń pa wá lára. Ọ̀rọ̀ tí Òkété sì sọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà nìyí:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń ṣí ihò. Asín, dìde, kí o máa lọ."