Ẹjọ́ Omídìjí, Atukọ̀ Tó Mẹmu

Àjẹ̀ ìtukọ̀ kò lójú, ọwọ́ tó dì í mú ni í bá a ríran. Òun ló dífá fún Omídìjí, atukọ̀ ìlú Etídò, lọ́jọ́ tí ẹjọ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Omídìjí mẹmu, ó tukọ̀. Ọkọ̀ kọ lu òpó èbúté, ó dojú dé. Wọ́n yọ gbogbo èrò láàyè. Aboyún kan wà nínú wọn, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ bá Olórí Atukọ̀. Ó ní ẹmu ló tukọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ènìyàn.

Òfin wà láàárín àwọn atukọ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ yóò fi àjẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, yóò máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jiyàn yóò bu omi odò mu, yóò fi búra. Bí irọ́ rẹ̀ bá tú, wọn yóò ṣẹ́ àjẹ̀ rẹ̀. Kò ní í tukọ̀ mọ́ láéláé.

Oyèkàn, ọ̀rẹ́ Omídìjí tí wọ́n jọ mu ẹmu náà, ní: "Jiyàn, jàre! Ta ló fi igbá wọn ẹmu inú rẹ? Ìwọ àgbà atukọ̀, kí o wá máa gbọ́n omi bí ọmọṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Omídìjí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó tọ Ifá lọ. Ṣé kí òun jiyàn ni, àbí kí òun jẹ́wọ́?

Ifá ní kó má jiyàn. Ó ní kó rú eku, kó rú ẹja, kó sì rú akèrègbè tó fi ń mẹmu.

Ó rú eku, ó rú ẹja. Ó di akèrègbè mú. Baba rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin awo, ṣé ẹ ò lè gba àgbébọ̀ adìẹ dípò rẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Omídìjí, adìẹ kọ́ ló dojú ọkọ̀ dé."

Ó gbé akèrègbè sílẹ̀. Ẹbọ pé.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n gbé omi odò kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Omídìjí wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Olórí Atukọ̀ àti Àwẹ̀ró.

"Bàbá, mo mu ún. Odò kò ṣẹ̀, èmi ni mo ṣẹ̀. Ìyá ọmọ, forí jì mí."

Ẹlẹ́mu tó ta ẹmu fún wọn wà lẹ́yìn, ó ń dúró láti jẹ́rìí. Ọkọ Àwẹ̀ró ló mú un wá. Kò sẹ́ni tó pè é mọ́.

Oṣù mẹ́ta ni Omídìjí fi gbọ́n omi. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń gbọ́n omi rẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró bí tibi tire. Lọ́jọ́ tí àjẹ̀ padà sọ́wọ́ Omídìjí, èrò kún ọkọ̀ rẹ̀ títí. Wọ́n ní ẹni tó lè sọ òtítọ́ létí omi, àwọn á bá a gorí omi.

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ó ní iyàn ì bá gba àjẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹbọ àti etí ìgbọ́ràn ló jẹ́ kó kù sí òun lọ́wọ́.