Ẹni Tó Gbé E Kọ́rùn Lọ́jọ́ Àkọ́kọ́

Túbọ̀sún, fa àga yẹn súnmọ́ mi. Mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. O ní kí n wá jókòó sórí àga bàbá níbi ìṣílé rẹ lọ́jọ́ Sátidé, kí alága ètò sì pè mí ní ẹni tó tọ́ ẹ dàgbà. Ó dáa. Kí n tó dá ẹ lóhùn, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi.

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀ ni tirẹ̀, kò mọ òmíràn. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, láti ibi tó ti ń ti géètì ni ìyàwó rẹ̀ á ti mọ̀, á sì kó àwọn ọmọ wọ yàrá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn, ojúkan náà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí ní pápá ìṣeré.

Ohun tí àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn láti máa sọ jù ni ìtàn ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọn lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan á ní orí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun jókòó sí. Ọ̀kan á ní abẹ́ agbádá bàbá àgbà òun lòun gbà kọjá lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọkùnrin tí mò ń wí yìí, gbogbo wọn á dákẹ́, nítorí tirẹ̀ ló dùn jù. Á ní bàbá òun, tíṣà tí gbogbo ìlú mọ̀, ló fa òun lọ́wọ́. Ó ra ẹ̀pà sísè fún òun. Nígbà tí èrò dìde, ó gbé òun kọ́rùn, òun sì di fìlà rẹ̀ mú gírígírí títí eré fi parí. Wọ́n á ní, "Háà, bàbá dáa o!"

Irọ́ ni, Túbọ̀sún.

Òótọ́ ni pé bàbá ṣèlérí. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n wọṣọ fún un, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá gun alùpùpù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní ọmọdé á dí òun lọ́wọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ yìí sunkún títí ohùn fi há. Ìyá rẹ̀ ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé. Ó pa iná, ó nu ọwọ́, ó wé gèlè, ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ." Kò wo bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀. Nígbà yẹn, obìnrin kì í lọ síbẹ̀ nílùú wọn.

Lẹ́nu géètì làwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Màmá, ta lẹ ń wá? Ọkọ yín ò sí níbí o!" Ó wọlé. Ó bẹ àwọn tó wà níwájú pé kí wọ́n yà díẹ̀ kọ́mọ lè ríran, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá tún ìró rẹ̀ so, ó gbé ọmọ kọ́rùn bí ọkùnrin. Àwọn tó wà lẹ́yìn pariwo, "Ẹ pọ̀n ọ́n o, màmá! Ẹ̀yìn lẹ ń gbé ọmọ sí!" Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀. Gèlè ìyá lọmọ dì mú. Kò sí fìlà kankan.

Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Ìyá fò sókè. "Ó wọlé! Ó wọlé o!" Òun nìkan ló pariwo. Àwọn àlejò, ẹgbẹ́ kejì, ló gbá a wọlé. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí yíjú padà, wọ́n pòṣé, ẹnìkan sì ní kó padà sídìí gààrí rẹ̀. Ọmọ yẹn fi ojú pamọ́ sínú gèlè. Ìtìjú yẹn ló gbé lọ sílé, òun náà ló sì bá dàgbà. Ìgbà tó di ọkùnrin, tí wọ́n ní kó sọ tirẹ̀, ó gbé ìyá kúrò, ó fi bàbá síbẹ̀. Nígbà tó rí i bí wọ́n ṣe gbádùn ẹ̀, kò lè padà mọ́.

Ẹgbẹ́ wọn ní àṣà kan. Bí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bá bẹ̀rẹ̀, kálukú á mú ẹni tó kọ́kọ́ mú un lọ wo bọ́ọ̀lù wá. Á dúró tì í, á sọ ìtàn náà níṣojú gbogbo wọn, alága á wá fi múfúlà ẹgbẹ́, aṣọ ọrùn aláwọ̀ ewé àti funfun, kọ́ ẹni náà lọ́rùn. Ọkùnrin yìí máa ń sọ pé bàbá òun ti kú, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n wọ́n yan alága tuntun, èyí sì ní kò yẹ kí ikú bàbá fi múfúlà dù ú, kí ará ilé kan wá gbà á lórúkọ bàbá. Kò tiẹ̀ sọ fún ọkùnrin náà. Ó lọ pe ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, bí ọkùnrin yìí ti wọlé, ìyá rẹ̀ ló rí níwájú, nínú léèsì tó wọ̀ níjọ́ tí ọmọ rẹ̀ gbéyàwó. Ó béèrè pé, "Ta ló pe màámi?" Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èmi ni o. Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni."

Wọ́n pè é. Ó dúró ti ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lè tún un ṣe, àbí ibo ni? Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ó wo ojú àwọn èèyàn tó ti mọ ìtàn náà sórí, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ de ibi fìlà. Ó tún sọ ọ́. Àti ẹ̀pà, àti fìlà. Kò wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ rárá.

Wọ́n ní kí màmá náà sọ nǹkan. Ó gba makirofóònù. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ọkọ mi mọ bọ́ọ̀lù dáadáa. Kò lè ṣèèṣì pariwo ayọ̀ fún góòlù àwọn àlejò láé. Ó dáa tó jẹ́ òun ló mú un lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yìí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rò pé ìyá òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó ti mọ ohun tó ń ti ọmọ òun lójú láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Ìyá tẹ ọrùn sílẹ̀, alága fi múfúlà kọ́ ọ lọ́rùn lórúkọ ọkọ rẹ̀. Ọrùn tí ọkùnrin yẹn jókòó lé lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Ilẹ̀ ì bá lanu, ì bá wọlẹ̀.

Nínú mọ́tò bí wọ́n ti ń relé, ìyá bọ́ múfúlà, ó ká a, ó gbé e lé e nítan. "Gbà. Bá mi fi kọ́ sára fọ́tò bàbá ẹ." Ó ní, "Màámi…" Ìyá ní, "Wojú ọ̀nà o, ọkọ mi. Mọ́tò ń bọ̀."

O ti ń wolẹ̀, Túbọ̀sún. Gbójú sókè. Kí ni mo ṣe fún ẹ láyé? Mo gbàdúrà fún ẹ, mo sì bá ẹ wí nígbà tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló fọṣọ kiri ilé àwọn tíṣà títí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kó o lè kàwé. Mo sì gbọ́ pé ẹ̀yìn lẹ fẹ́ fi í sí lọ́jọ́ Sátidé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bu oúnjẹ, pé o sọ fáwọn àna rẹ pé ará àdúgbò ni. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ?

Mi ò ní fi ọrùn mi gba múfúlà onímúfúlà. Àga yẹn, tirẹ̀ ni. Lọ bá a nísinsìnyí, kó o sì dárúkọ rẹ̀ fáwọn àna rẹ kí ọjọ́ Sátidé tó pé. Ojú á tì ẹ́. Jẹ́ kó tì ẹ́. Ojú ti ìyá yẹn náà láàárín gbogbo ọkùnrin yẹn, kò sì gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀.