Kànga Tó Wà Nínú Pálọ̀

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí mo bá purọ́, kí àrá sán pa mí. Ẹ rántí ṣá pé àsìkò ọ̀dá la wà, àrá kì í sán.

Ọkùnrin kan wà tí ìlú fi ṣe alábòójútó omi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sọ ohun tí ìlú yóò ṣe bí ọ̀dá bá dé: kànga tí wọn yóò ṣí, àdúgbò tí yóò pọn omi níbẹ̀. Lọ́dọọdún ló yẹ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìdí kànga kọ̀ọ̀kan, kó ju okùn sí i wò bóyá omi ṣì wà, kó sì tún ìwé náà kọ. Kò lọ rí. Ọdún tó wà lára èèpo ìwé ló máa ń pa rẹ́, á kọ tuntun, á lu òǹtẹ̀, á lọ jẹun.

Ọ̀dá dé. Adágún omi ìlú gbẹ débi pé ewúrẹ́ ń sùn láàrin rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní ọmọ-ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ètè ọmọ náà ti gbẹ. Ó ní kí wọ́n ka ìwé náà fún òun. Ìwé ní kànga tiwọn wà ní òdìkejì ìlú, lábẹ́ igi ìyeyè. Ó gbé korobá, àdúgbò tẹ̀ lé e. Wọn ò rí igi ìyeyè kankan. Ilé alábòójútó omi ni wọ́n bá níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà, tó dí kànga pa, tó kọ́ pálọ̀ lé e lórí.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Omi la wá pọn, ọ̀gá."

"Nínú pálọ̀ mi?"

"Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ yín rèé. Àbí òpùrọ́ lẹ fẹ́ pe ara yín?"

Wọ́n gbé dígà wọlé. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé àga tìmùtìmù síta, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí omi fi yọ. Ọmọ náà mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ìwé wo lẹ ti yí ọdún tó wà lára rẹ̀ padà láìwo inú rẹ̀? Ẹ lọ wo kànga yín kí òùngbẹ tó bá yín wò ó.

Ó ku irọ́ kan tí mo pa. Dígà ni. Kò sẹ́ni tó gbé dígà. Wọ́n tọrọ àforíjì pé àwọn da ìsinmi ọ̀gá rú, wọ́n gbé korobá òfìfo padà sílé. Ọmọ náà ò rí omi mu.

Dígà sì wà nílé gbogbo yín.